Orí Kẹrin: Ìfò Mosúnmọ́lá

"Ìyá, ọmọ kan ló dín," ni ẹ̀rọ náà wí.

Ohùn rẹ̀ dùn, kí n má purọ́. Mi ò mọ ẹni tó fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ sínú irin, ṣùgbọ́n onítọ̀hún mọṣẹ́. Ohùn obìnrin tó ti bímọ mẹ́fà ni, tó ti sanra díẹ̀, tí nǹkan kì í tètè bí nínú. Ìyá Ẹnubodè ni gbogbo èèyàn ń pè é ní ibùdókọ̀ òfuurufú Òkè-Ẹyẹ. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀. Òpó funfun lásán ni, ó ní ihò wẹ́wẹ́ lókè tí ohùn ń gbà jáde, ó sì ní pátákó kan nísàlẹ̀ tí ọmọ máa ń fi àyà tì kí ẹ̀rọ lè gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Táyé ọmọ mi ti fi àyà tì í. Ó dúró ṣinṣin, bí mo ṣe kọ́ ọ nílé.

"Ọmọ kan ni mo mú wá," ni mo wí.

"Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́, Ìyá. Ìbejì ló wà nínú ìwé. Morádékẹ́ Táyélolú àti Mosúnmọ́lá Kẹ́hìndé. Àwọn tí a bí lọ́jọ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Mosúnmọ́lá dà?"

Mo tún ọrùn aṣọ Táyé ṣe.

"Bí ọmọ kan ò bá lè wá ńkọ́?"

"Ṣé àìsàn ni, Ìyá? Ṣé ó sọnù ni? Àbí ikú?" Bó ṣe ń ka ìkẹta ni ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó rọ̀ níbẹ̀. "Tó bá jẹ́ ikú, ẹ mú ìwé ẹ̀rí jáde. Bí kò bá sí ìwé, ẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ níbí, àwọn olùwádìí á wá bá yín nílé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni èyí tó kù á lè fò."

"Ó kù díẹ̀ kó dé," ni mo wí.

"Ó dáa. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹnubodè á tì ní aago mẹ́jọ, kí oòrùn tó mú. Ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, Ìyá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì kọjá."

A yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. A lọ dúró sábẹ́ ìbòòji, níwájú ìlà pupa tí wọ́n fà sílẹ̀, tí wọ́n kọ ÀGBÀ Ò KỌJÁ ÌHÍN sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lódìkejì ìlà, àwọn ọmọdé ń lọ ní méjìméjì pẹ̀lú báàgì wọn. Igba ọmọ ni ọkọ̀ kan ń gbé, kò sì sí àgbà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ọmọ kékeré kan ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìrìn àjò ọjọ́ kan ni.

"Màmi, ta ló ń bọ̀?" ni Táyé béèrè.

"Gbẹ́nu dákẹ́ ná."

"Ẹ ní ó kù díẹ̀ kó dé. Ṣé Kẹ́hìndé ti padà wá ni?"

"Mo ní o dákẹ́."

Ó dákẹ́. Ọmọ tó gbọ́n ni, ìyẹn gan-an sì ni wàhálà rẹ̀. Ọ̀túnla ni yóò pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó bá pé mẹ́wàá tí kò tíì fò, ìfò rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ ìjọba nìyẹn, kò tún ní kúrò nílẹ̀ yìí mọ́ láyé. Ìfò kan péré ni wọ́n ń bí mọ́ gbogbo wa. Èmi ti ná tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n kó wa nílé ìwé pé ká lọ wo òkun níbi tí Èkó wà tẹ́lẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú la fi fò yíká lókè, ọkọ̀ ò balẹ̀ níbì kankan. Wọ́n fún wa ní bisikíìtì. Omi ni mo rí, omi àti orí ilé méjì, a sì padà sílé. Ìfò ayé mi nìyẹn o. Ọgbọ́n tó wà lórí bàbá wọn kò sí lórí tèmi: ó fi tiẹ̀ pamọ́ nígbà tí òfin ṣì ń gbà bẹ́ẹ̀, ó fi lọ ṣiṣẹ́ ní Ìlú Òtútù. Kò sì ní òmíràn tó máa fi padà wá. Ọdún márùn-ún rèé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Táyé ń fò lọ yìí.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ti Kẹ́hìndé kí n sinmi.

Kẹ́hìndé ò lọ síbì kankan. Nínú Oṣù Iná ọdún méjì sẹ́yìn, oṣù tí oòrùn ọ̀sán ń pa èèyàn, ó gun àkàbà jáde láti inú àjà ilẹ̀ tí à ń gbé, ó fẹ́ mú bọ́ọ̀lù tó bọ́ sí ìta. Aago kan ọ̀sán ni. Ká tó rí i, ara rẹ̀ ti gbóná kọjá ohun tí omi lè pa. Ìyá ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "A kì í sọ pé ìbejì kú. Ó rìnrìn àjò ni. Má sunkún o, kí Táyé má baà gbọ́, kó ní òun náà ń bá èkejì òun lọ." Mo gbọ́ràn. Àwọn ọkùnrin àdúgbò gbé e lọ, wọn ò sì fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn mí, torí òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Mi ò lọ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, torí ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ ti sọ ọ́ nìyẹn. A sọ fún Táyé pé èkejì rẹ̀ ti fò ṣáájú, wọ́n á pàdé lọ́jọ́ kan, a sì ní kó má sọ ọ́ fún bàbá wọn. Bàbá wọn, a ò sọ nǹkan kan fún un rárá. Gbogbo aṣọ tí mo bá rán fún Táyé, méjì ni mo ń rán, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ìbejì. Báàgì méjì ni mo dì láàárọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin pé ìbejì gbọ́dọ̀ fò pọ̀, nítorí pé àwọn kan ń jẹ́ kí ìbejì kan ná ìfò èkejì rẹ̀, mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Mo ní kò kàn mí. Báwo ni mo ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà máa parí? Mi ò rò ó. Ọdún méjì ni mi ò fi ro nǹkan kan.

Ibẹ̀ la dúró sí tí obìnrin kan fi wá bá wa. Ó pọ́n ọmọ sẹ́yìn, ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdúró o."

Orúkọ yẹn kì í dùn mí mọ́, kì í sì í ṣe nǹkan míì sí mi. "Ẹ kú àárọ̀," ni mo wí.

"Èmi ni Màmá Ìyùnadé. Mo wà lẹ́yìn yín lórí ìlà. Ẹ má bínú, mo gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ bá yín sọ." Ó sọ ọmọ rẹ̀ kalẹ̀. Ọmọ náà dúró, ó ń mí bí ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà láti àárọ̀. "Tiwa náà, wọ́n dá wa padà. Wọ́n ní ó ti ná ìfò tiẹ̀."

"Ó ti fò rí?"

"Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ni o! Ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí mo bí i, wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n kà á. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní ìfò ni ìfò ń jẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí kì í ṣe ẹ̀rín. "Dókítà ní tó bá fi lè gbé Oṣù Iná tó ń bọ̀ yìí já, kí n wá sọ fún òun. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Kí n wá sọ fún òun."

Mo wo ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án. Ó ga, ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó ń wo báàgì mi kejì.

"Ṣé èkejì kò ní wá ni?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Kò ní wá."

"Kò sí nílé?"

"Kò sí nílé."

Ó wojú mi. Kò béèrè mọ́. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá mi," ọwọ́ sì yún mi láti gbá a lẹ́nu, torí ọdún méjì lẹnikẹ́ni ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí mi, mi ò sì ránṣẹ́ pè é pé kó wá sọ ọ́.

"Ṣé ẹ ní ìwé ẹ̀rí?" ó rọra béèrè.

"Mi ò ní."

"Tí ẹ bá sọ ọ́ lẹ́nu, ọgbọ̀n ọjọ́ ni. Ìgbà wo ni èyí máa pé mẹ́wàá?"

"Ọ̀túnla."

"Ha! Olúwa ò!" Ó gbá àyà mú. Ó wá sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń gbé ẹrù gbígbóná sílẹ̀: "Orúkọ wà nílẹ̀. Ìfò wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ná an. Ọmọ tèmi rèé. Kí ó bá ọmọ yín lọ. Wọn kì í tẹ ìka ọmọ tí kò tíì fò rí, ẹnu ọmọ nìkan ni ẹ̀rọ ń gbọ́."

"Ẹnu àti àyà," ni mo wí. "Ó ń gbọ́ àyà. Bí àyà ọmọ bá já sí irọ́, àmì dúdú ni fún àwọn méjèèjì. Mo mọ ọmọ tó ní àmì dúdú. Ilé ìwé ò gbà á, ilé ìwòsàn ò gbà á."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń sọ ọ́."

"Ìyá Ìbejì, mo mọ̀, mo sì ń sọ ọ́. Kí ni kí n ṣe?" Omi ti ń dà lójú rẹ̀. Inú ń bí mi sí i. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mí ló dúró níwájú mi tó ń sunkún.

Mo rò ó, ìyẹn bí a bá lè pè é ní ìrònú. Mo lè lọ sọ ọ́ fún ẹ̀rọ, kí Táyé gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ìfò rẹ̀ sì kú ní ọ̀túnla. Oṣù Iná tó ń bọ̀ á bá a nínú àjà ilẹ̀, tòun ti àkàbà yẹn. Tàbí kí n fi ọmọ ọlọ́mọ rọ́pò ọmọ mi, kí àyà Táyé já, kí wọ́n lu òun náà ní àmì. Aago méje àbọ̀ ti kọjá. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣí báàgì kejì, mo mú aṣọ jáde. Áńkárá aláwọ̀ ewé, ọrùn róbótó, bọ́tìnnì mẹ́rin lẹ́yìn. Irú èyí tó wà lọ́rùn Táyé gan-an.

"Wá," ni mo sọ fún Ìyùnadé. "Bọ́ èyí tó wà lọ́rùn ẹ."

Aṣọ náà bá a mu. Ó gùn ní ìka kan, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń de bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí egungun ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń lọ sókè sódò bó ṣe ń mí.

"Aṣọ Kẹ́hìndé nìyẹn," ni Táyé wí.

"Mo mọ̀."

"Ṣé ó máa fi orúkọ Kẹ́hìndé fò ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo de bọ́tìnnì kejì. Mo de ìkẹta.

"Màmi, ṣebí ẹ ní Kẹ́hìndé ti fò. Tó bá ti fò, ìfò rẹ̀ ti tán nìyẹn. Kí ni Ìyùnadé máa wá fi lọ?"

Bọ́tìnnì kẹrin kò wọlé. Mo ń tì í, kò wọlé. Màmá Ìyùnadé yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lè dá Táyé lóhùn. Irọ́ mẹ́ta, mẹ́rin wà lẹ́nu mi tí ì bá ṣe é. Mi ò ní agbára ìkankan nínú wọn. Mo ṣáà ń ti bọ́tìnnì.

"Ó dáa," ni Táyé wí níkẹyìn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba bọ́tìnnì náà lọ́wọ́ mi, ó sì dè é. "Ṣùgbọ́n àyà mi máa lù. Ìyá Ẹnubodè máa bi mí pé ta nìyí, tí mo bá pe orúkọ tí kì í ṣe tiẹ̀, ó máa gbọ́."

"Má jẹ́ kó lù."

"Èmi kọ́ ló ń lù ú, Màmi, òun ló ń lu ara ẹ̀." Ó ro nǹkan kan. "Ẹ sọ ọ́ lórúkọ."

"Kí ni?"

"Ẹ sọ ọ́ lórúkọ. Ní gidi. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọmọ Àǹtí Fẹ́hìntọ́lá lórúkọ, gbogbo ẹbí ló fún un ní orúkọ, ẹ̀yin náà fún un ní kan. Ó sì ń jẹ́ gbogbo ẹ̀. Tí ẹ bá fún Ìyùnadé lórúkọ, ó ti di tiẹ̀. Kì í ṣe irọ́ mọ́."

Màmá Ìyùnadé wò mí. Èmi wo Táyé. Mo wá òye ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lójú rẹ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹ́hìndé kì í ṣe orúkọ à-ń-fúnni. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e bọ̀ láti ọ̀run, mi ò lè mú un fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Mosúnmọ́lá, èmi ni mo fún un. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ yẹn, mo gbé e dání, èmi ni mo kọ́kọ́ pè é. Tèmi ni. Mo lè fún ẹlòmíì.

Ohun kan wà ṣá tí gbogbo àwa tó dúró níbẹ̀ mọ̀, tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Nínú ilé kan, ọmọ ìyá méjì kì í jẹ́ orúkọ kan náà, bí méjèèjì bá wà láàyè.

"Ẹ bá mi mú omi yẹn wá," ni mo sọ fún Màmá Ìyùnadé.

Omi inú ike ni. Mo kán an sí ọmọ náà lẹ́nu. "Omi rèé. Omi kì í lọ́tàá. O ò ní lọ́tàá." A ò ní oyin. A ò ní obì. Ẹ̀pà díndín tó ní iyọ̀ lára ni mo dì fún Táyé pé kó máa jẹ lọ́nà. Mo fi ìka pa iyọ̀ lára rẹ̀, mo fi kàn án lẹ́nu. "Iyọ̀ rèé. Ayé rẹ á dùn, kò ní tẹ́." Ọmọ náà lá iyọ̀, ó ń wò mí. Mo gbé ẹnu sí etí rẹ̀.

"Mosúnmọ́lá," ni mo pè é.

Kò dáhùn, kò mọ̀ pé ó yẹ kó dáhùn.

"Mosúnmọ́lá."

"Mà," ó ní.

Mo rò pé nǹkan kan á ṣe mí. Mo dúró dè é. Kò sí nǹkan kan. Ibi tí a wà ṣì gbóná, àwọn ọmọ ṣì ń kọjá, aago sì ti di mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlá.

Táyé pè é náà. "Mosúnmọ́lá." Ó tún un pè, jẹ́jẹ́, ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀ bó ṣe ń pè é. Ó mi orí sí mi. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

Màmá Ìyùnadé ò gbọdọ̀ tẹ̀lé wa dé òpó. Ìyá kan ṣoṣo ni ìbejì ń ní. Ó dúró lábẹ́ ìbòòji bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, kò dì mọ́ ọmọ rẹ̀, kò juwọ́ sí i. Mo wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ti fi etí ìró bọ ẹnu.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá," ni ẹ̀rọ wí. "Ọmọ méjì. Ó pé. Kí àgbà má sọ̀rọ̀ o. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi àyà ti pátákó."

Wọ́n fi àyà tì í. Dígí tí wọ́n fi ń rí ẹni tó máa gba ọmọ lókèèrè tàn lókè òpó, bàbá wọn sì jáde sínú rẹ̀ láti Ìlú Òtútù. Irun rẹ̀ ti funfun. Mi ò rò ó pé irun rẹ̀ lè funfun. Ó wọ ẹ̀wù tó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fi kéré. Ó wo Táyé, ó rẹ́rìn-ín. Ó wo èkejì, ó sì sún mọ́ dígí.

"Ìwọ tó wà lápá ọ̀tún, kí ni orúkọ rẹ?" ni ẹ̀rọ béèrè.

"Morádékẹ́. Táyé ni wọ́n ń pè mí."

"Kí ni orúkọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ?"

"Mosúnmọ́lá ni."

"Ta ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Màmá mi ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe sọ ọ́."

Ẹ̀rọ náà ń tẹ́tí sí àyà. Mo ń ka èémí ara mi.

"Ṣé ọjọ́ kan náà la bí yín?"

Èyí ni mo ti ń bẹ̀rù. Táyé gbé ojú sókè sí ihò wẹ́wẹ́ yẹn, ojú rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun òmùgọ̀.

"Èmi ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi o. Wọ́n ṣáà sọ ọ́ fún mi ni. Mi ò tíì lè rántí nǹkan kan nígbà yẹn."

Ẹni kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa lórí ìlà.

"Ìdáhùn ọmọdé," ni ẹ̀rọ wí. "Àyà rẹ̀ balẹ̀. Mo gbà á. Ìwọ kejì, kí ni orúkọ rẹ?"

"Mosúnmọ́lá," ni ọmọ náà wí. Ó ń mí kíkan. "Mosúnmọ́lá ni orúkọ mi. Màmá yìí ló fún mi."

"Àyà rẹ ń sáré, ọmọ mi."

Ó ń sáré lóòótọ́. Àyà tó ti ń sáré láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni. Ó ṣe mí bíi kí n ké sí ẹ̀rọ yẹn pé kó jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ àgbà ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀.

"Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn," ni Táyé wí. "Ẹ tẹ́tí sí i kó tó sọ̀rọ̀. Ó ń sáré náà."

Ẹ̀rọ tẹ́tí. Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ìwọ̀n kan náà ni. Irọ́ kọ́. Ẹni tí yóò gbà wọ́n, ṣé ẹ rí àwọn ọmọ yìí?"

"Mo rí wọn," ni bàbá wọn wí láti inú dígí.

"Ṣé ẹ gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọ yín, láti tọ́ wọn títí wọn ó fi dàgbà?"

Ó ń wo ọmọ kejì, ó ń wo ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, aṣọ tó gùn ní ìka kan. Ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀, ó wò mí. Ọdún márùn-ún ni kò fi rí mi. Mi ò mọ ohun tí ojú mi ń sọ fún un.

"Mo gbà wọ́n," ó ní. "Méjèèjì."

Ẹnubodè ṣí. Apá irin kékeré kan nà jáde, ó de okùn aláwọ̀ yẹ́lò mọ́ wọn lọ́rùn ọwọ́, okùn kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì. Táyé kúnlẹ̀ kí mi, ó fa èkejì mọ́ra, ìyẹn náà kúnlẹ̀. Mo gbé ọwọ́ lé wọn lórí. Àdúrà tí mo ti tò sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò rí ìkankan nínú rẹ̀.

"Ẹ máa mu omi," ni mo wí.

"A máa mu ún," ni Táyé wí. Ó dìde. Ó ti kọjá ìlà pupa kó tó tún yíjú padà. "Màmi, ẹ lọ jẹun o." Wọ́n lọ. Èkejì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, Táyé dúró dè é.

"Ìyá, ìṣẹ́jú kan ni ẹ ní láti fi dágbére fún ẹni tó gbà wọ́n," ni ẹ̀rọ wí. "Òfin ò gbà kí n gbọ́ ọ." Iná orí òpó náà pa. Ó ku èmi àti ọkọ mi.

"Àwẹ̀ró," ó pè mí. Oríkì mi. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. "Ọmọ ta ni èkejì?"

"Ọmọ wa ni. Mo ti sọ ọ́ lórúkọ."

"Mo mọ̀ pé ọmọ wa ni, mo ti gbà á. Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ obìnrin kan tó wà níbí. Ara rẹ̀ ò le, kò sì ní ìfò."

Ó mi orí. Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bínú.

"Ó ti tó ọdún méjì tó jẹ́ pé Táyé nìkan ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi," ó ní. "Á sọ tiẹ̀ tán, á wá fún ọ̀fun pọ̀, á ní, 'Bàbá, Kẹ́hìndé rèé o, mo ń kí yín.' Á sọ ohun tí Kẹ́hìndé jẹ, ohun tí Kẹ́hìndé kọ́ nílé ìwé. Nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é, mo jókòó sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn méjèèjì lóhùn. Kí ni ǹ bá ṣe?"

Èmi ò mọ̀. Inú yàrá kan náà ni mo wà pẹ̀lú ọmọ yẹn fún ọdún méjì, mi ò mọ̀.

"Ọjọ́ wo ni?" ó béèrè.

"Kí ni?"

"Àwẹ̀ró, ọjọ́ wo ni ọmọ mi kú?"

Nọ́ńbà tó wà ní igun dígí ń sọ̀ kalẹ̀. Ó ku ogún.

"Ọjọ́ kẹrìnlá nínú Oṣù Iná," ni mo wí. Mo tún un sọ kó lè gbọ́. "Ọjọ́ Àìkú ni. Ọwọ́ mi ló kú sí. Kẹ́hìndé kú. Ọmọ wa kú, mi ò sì sọ fún ọ."

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, lẹ́ẹ̀kan, láti òkè délẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan lórí tábìlì, ó rí gègé.

"Ebi á ti máa pa wọ́n tí wọ́n bá dé," ó ní. "Mo mọ ohun tí Táyé ń jẹ. Kí ni èkejì máa ń jẹ?"

Mi ò mọ̀. Mo yí padà, mo pariwo lójú gbogbo èèyàn, mi ò bìkítà mọ́ fún ẹni tó ń gbọ́. "Màmá Ìyùnadé! Kí ni ọmọ yín máa ń jẹ?"

Ó yọ etí ìró kúrò lẹ́nu. "Ẹ̀wà!" ó kígbe padà. "Ẹ̀wà, kí wọ́n má fi ata sí i! Ata máa ń mú un húkọ́!"

"Ẹ̀wà," ni mo sọ fún un. "Kò gbọdọ̀ rí ata."

"Kò gbọdọ̀ rí ata," ó ní, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni dígí pa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, lórí ìlà pupa yẹn, mo sì sunkún ọmọ mi.